Mò ń lọ Maasai Mara àti Serengeti ní oṣù kẹjọ: fọ́tò ni kí n gbájú mọ́, àbí fídíò?

Adérónkẹ́_Olùkọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní oṣù kẹjọ, bí Ọlọ́run bá fẹ́, èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Maasai Mara ní Kẹ́ńyà, láti ibẹ̀ la ó ti kọjá sí àríwá Serengeti ní Tànsáníà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fojú ara mi rí bí àwọn wildebeest, ẹran onípátákò tó ní ìwo tó ń rìn ní agbo ńlá, ṣe ń sọdá odò Mara. Mo fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fẹ́ ya fídíò rẹ̀, torí mo fẹ́ fi ṣe fídíò kúkúrú fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Kámẹ́rà kan ṣoṣo ni mo ní, mirrorless ni, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 24-105 (mìlímítà ni wọ́n fi ń kà á, bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni lẹ́ǹsì ń mú ohun tó jìnnà tó). Wọ́n ní lẹ́ǹsì yẹn ò lè tó. Ẹnì kan ní kí n ra 200-600, ẹlòmíràn ní 100-400 ló dáa jù. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré la máa wọ̀ láti Nairobi dé Mara, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé kílò 15 ni ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan, báàgì rírọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́, kámẹ́rà wà nínú kílò yẹn.

Lẹ́ǹsì wo ni kí n gbé? Ṣé mo lè ya fọ́tò kí n sì ya fídíò, tí ọ̀kan ò ní ba èkejì jẹ́? Ọkọ mi sì fẹ́ gbé drone dání, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò tó ní kámẹ́rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọdẹ_Aláwòrán

Ẹ kú ìmúra o, àǹtí. Kí n tó dé orí lẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ ọkọ̀, torí ọkọ̀ ló máa sọ bí fọ́tò yín ṣe máa rí ju lẹ́ǹsì lọ. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ máa wà nínú jíìpù, àbí ẹ máa bá àwọn ẹlòmíràn pín in? Bí ẹ bá bá èèyàn mẹ́rin márùn-ún jókòó, tí ẹnì kan fẹ́ lọ wo ẹyẹ, tí ẹlòmíràn fẹ́ padà lọ jẹun, ẹ ò ní lè dúró ti kìnnìún kan fún wákàtí mẹ́ta. Ìdúró yẹn gan-an niṣẹ́. Kìnnìún lè fi ogún wákàtí sinmi nínú ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ àlejò á dé bá a lójú oorun, wọ́n á ya fọ́tò mẹ́wàá, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá dúró títí oòrùn fi rọ̀ ló máa rí i nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yán léraléra. Tó bá ti ń yán bẹ́ẹ̀, ó ń múra àtidìde nìyẹn, kí ẹ tètè gbé kámẹ́rà yín sí ipò. Bí owó bá ṣeé wá, ẹ fi owó lẹ́ǹsì olówó ńlá gba jíìpù tiyín. Òun ni màá kọ́kọ́ ná owó lé.

Ní ti lẹ́ǹsì, 100-400. Lẹ́ǹsì 200-600 dáa gan-an fún ẹyẹ, àmọ́ ó lé ní kílò méjì, ẹrù yín ò sì ju kílò 15 lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 200 ti sún mọ́ ẹran jù nígbà míì. Erin ò ní dúró sí ọ̀ọ́kán dè yín. Ó lè gba ẹ̀gbẹ́ jíìpù kọjá débi pé ojú rẹ̀ nìkan ló máa wọ inú 200. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, tí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Ẹ jẹ́ kí fọ́tò yín náà rí erin tán pátápátá: ẹsẹ̀ rẹ̀, koríko tó ń jẹ, ọmọ tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. 24-105 yín máa ṣe ìyẹn dáadáa, ẹ má fi sílẹ̀ nílé.

Tripod, ìdúró kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kì í wúlò nínú jíìpù. Ẹ rán àpò aṣọ kékeré kan, kí ẹ gbé e lọ ní òfìfo, kí ẹ sì ra ìrẹsì tàbí ẹ̀wà kún inú rẹ̀ tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ gbé e lé fèrèsé tàbí etí òrùlé tó ṣí, kí ẹ gbé lẹ́ǹsì lé e lórí. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ní oúnjẹ inú rẹ̀.

Àdùnní_Onífídíò

Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ìdúró, mi ò ní tún un sọ. Fídíò ni tèmi.

Àǹtí Adérónkẹ́, ẹ lè ṣe méjèèjì nínú ìrìn àjò kan, àmọ́ ẹ má gbìyànjú láti ṣe méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Kí jíìpù tó gbéra láàárọ̀, ẹ pinnu: òwúrọ̀ yìí, fídíò ni, ìrọ̀lẹ́, fọ́tò. Ẹni tó ń yí bọ́tìnnì síwá sẹ́yìn lásìkò tí ẹran ń bẹ́ sómi máa ń ní fọ́tò tó rí rúúrúú àti fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Fún fídíò tó ń ṣàn wẹ́rẹ́ lójú, bí ẹ bá ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, shutter yín, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣí gba ìmọ́lẹ̀, á wà ní nǹkan bí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Ní 1/50, ẹsẹ̀ wildebeest tó ń sáré á dà bí èéfín nínú fọ́tò. Fún fọ́tò tó mú ṣáṣá, 1/1600 lẹ nílò, fídíò tí ẹ bá sì yà ní 1/1600 á máa ta gìrìgìrì lójú àwọn ọmọ yín. Àwọn kan máa sọ pé kí ẹ yọ fọ́tò láti inú fídíò 4K. Ó ṣeé ṣe, àwòrán kan níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù pixel mẹ́jọ, àmọ́ bí shutter bá wà ní 1/50, ohun tí ẹ máa yọ jáde ò ní mú ṣáṣá àyàfi tí ẹran náà bá dúró gbọnrangandan.

Ẹ ra ND, gíláàsì dúdú tí wọ́n ń fi síwájú lẹ́ǹsì, torí oòrùn ọ̀sán Mara ò ní jẹ́ kí ẹ lo 1/50 láìsí i.

Ohun tó jẹ mí lógún jù nìyí. Àwọn ọmọ kíláàsì yín ò ní lè jókòó ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fi lẹ́ǹsì tọ ẹran kiri sọ́tùn-ún sósì. Ẹ dúró sójú kan. Ẹ ya odò látòkèèrè kí wọ́n mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ ya bèbè àti àwọn ẹran tó ti kóra jọ tí wọn ò tíì fẹ́ wọlé. Ẹ ya pátákò nínú ẹrẹ̀, ojú ọ̀kan tó ń wo omi, eruku, ọ̀nì tó léfòó. Ẹ ya ọ̀kan tó gòkè sódìkejì tó ń wá ọmọ rẹ̀ kiri. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ó kéré tán, ẹ má fa zoom, ẹ má yí kámẹ́rà. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ẹ ya bèbè tó ṣófo náà. Nǹkan méje mẹ́jọ yẹn ló máa di ìtàn tí ẹ bá délé.

Kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó máa mi lẹ́ǹsì gígùn, ó sì máa bo ohùn àwọn ẹran mọ́lẹ̀. Agbo wildebeest máa ń ké lemọ́lemọ́, ohùn yẹn sì ni àwọn ọmọ yín máa rántí.

Kọ́lá_Ojúlarí

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀gá, àmọ́ mo fẹ́ sọ tèmi. Fóònù ni mo gbé lọ sí ọgbà ẹranko Amboseli ní Kẹ́ńyà, fọ́tò tí gbogbo ẹbí mi sì fẹ́ràn jù ni ti agbo erin tó ń kọjá lọ, tí òkè Kilimanjaro sì yọ lẹ́yìn wọn. Òkè yẹn ga ní mítà 5,895. Lẹ́ǹsì gígùn wo ló máa gbà á pọ̀ mọ́ erin? Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí àwọsánmà tó bò ó. Mo rí àwọn tí wọ́n fi gbogbo wákàtí wo gíláàsì kámẹ́rà, tí wọn ò gbé ojú sókè wo ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ná owó. Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ẹrù wọ̀ yín lọ́rùn.

Ọdẹ_Aláwòrán

Kọ́lá, mo gbà fún ọ lórí Amboseli. Ibẹ̀ tẹ́jú, erin ibẹ̀ sì ti mọ ọkọ̀ lára. Àmọ́ fóònù ò lè mú odò Mara. Bèbè ibi tí wọ́n máa ní kí jíìpù dúró sí lè jìn sí ibi tí ẹran ti ń wọ omi, fóònù tí wọ́n bá sì fa zoom rẹ̀ títí kan máa fún wọn ní ẹran tó dà bí eèrà. Kí wọ́n gbé fóònù náà dání fún àwòrán gbogboogbò, kí kámẹ́rà mú ti ọ̀nà jíjìn. Kí wọ́n tún mú awò ìwòran dání, ọkọ wọn lè máa fi ṣọ́nà. Ẹni tó ń wo igi kan látòkèèrè ló máa kọ́kọ́ rí ìrù ẹkùn tó so rọ̀ lára ẹ̀ka.

Dókítà_Ẹranko

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn lórí drone, kò tíì sẹ́ni tó dáhùn rẹ̀.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún bàbá pé kí wọ́n fi sílẹ̀ nílé. Ní Kẹ́ńyà, ẹ ò lè fò ó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, ẹ sì tún gbọ́dọ̀ gba ti àwọn tó ń ṣàkóso ọgbà ẹranko náà. Tànsáníà náà ò gbà á nínú ọgbà ẹranko láìsí ìwé àṣẹ. Láwọn ọgbà ìjọba Gúúsù Áfíríkà, èèwọ̀ ni fún àlejò. Òfin nìkan kọ́ ló fà á. Erin ń sá fún ìró oyin, ìró drone sì jọ ọ́. Ẹyẹ máa fò kúrò lórí ẹyin, abo ẹran máa fi ọmọ sílẹ̀ sá. Fídíò tí ẹ bá yà nígbà yẹn, ti ẹran tó ń sá fún yín ni.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìsúnmọ́. Ní Maasai Mara, òfin ní jíìpù ò gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ nídìí ẹranko kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ jìnnà sí i tó mítà 25, kí ẹ má sì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ bí àwọn mìíràn bá ń dúró. Ìdí tó fi yẹ ká pa òfin yìí mọ́ hàn nínú ìwádìí tí Femke Broekhuis tẹ̀ jáde ní 2018 lórí àwọn cheetah Mara, ẹran ìdílé ológbò tó ń sáré gan-an. Níbi tí àlejò ti pọ̀ gan-an, ọmọ tí abo cheetah kan ń tọ́ dàgbà nínú ìbímọ kan jẹ́ nǹkan bí 0.2 ní ìpíndọ́gba. Níbi tí àlejò ò ti pọ̀, ó lé ní 2. Cheetah kì í sábà fi òru dọdẹ bíi kìnnìún, ojúmọmọ ló sábà máa ń dọdẹ, ìgbà tí jíìpù wa wà níta gan-an nìyẹn. Bí jíìpù bá wà láàárín òun àti ẹran tó ń lé, ebi máa pa àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ wọ inú fóònù yín kí ẹ pa ohun tó ń kọ ibi tí ẹ wà sára fọ́tò. Bí ẹ bá rí àgbánréré, ẹ má fi ibi tí ẹ ti rí i sórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ má sì jẹ́ kí igi tàbí òkè tí èèyàn lè dá mọ̀ hàn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń wá ìwo rẹ̀ ń ka fọ́tò bí àwa náà ṣe ń kà á. Ní Ol Pejeta ní Kẹ́ńyà, Najin àti Fatu, ìyá àti ọmọ, ni àgbánréré funfun ti àríwá méjì péré tó kù láyé. Sudan, akọ tó kẹ́yìn, kú ní oṣù kẹta ọdún 2018. Ó máa ń dùn mí bí mo bá ń kọ ọ́.

Bíọ́lá_T

Ọ̀rọ̀ dókítà wọ̀ mí lára, àmọ́ mo ní ìbéèrè, mi ò sì fi ṣe ìjà. Láti oṣù keje sí oṣù kejìlá, dọ́là 200 ni àlejò láti ìlú òkèèrè ń san fún ọjọ́ kan ní Maasai Mara, ti jíìpù àti ibùsùn ò tíì sí níbẹ̀. Nígbà tí a lọ, awakọ̀ wa pa òfin mọ́, ó dúró síbi tó yẹ. Àwọn yòókù gba iwájú wa kọjá, wọ́n yí ẹkùn náà ká, ẹ̀yìn jíìpù wọn la wò títí tó fi wọgbó lọ. Kí ni kéèyàn ṣe nírú ìgbà bẹ́ẹ̀? Ṣé ká máa pa òfin mọ́ ká sì padà wálé láìní nǹkan kan?

Ọdẹ_Aláwòrán

Àbúrò, ìbéèrè tó yẹ ni. Mo ti wà níbẹ̀ rí, mo mọ bó ṣe ń rí lára. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn tó yí ẹkùn yẹn ká gbé lọ sílé. Ẹkùn tó ń wo ilẹ̀, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, táyà jíìpù ẹlòmíràn wà nínú fọ́tò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ pé: níbo ni ẹran yìí ń lọ? Àwọn awakọ̀ tó dàgbà ládùúgbò yẹn mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ibi tí omi wà, wọ́n mọ igi tí ẹkùn yẹn máa ń gbé ẹran gùn. Cheetah tó ń dọdẹ máa ń wá orí òkìtì ikán láti wo ọ̀nà jíjìn. A ó yípo lọ síwájú, a ó pa ẹ́ńjìnnì síbi tó jìnnà, a ó sì dúró. Nígbà míì kì í wá. Bó bá wá, ojú ni yóò kọ sí wa, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi wá.

Tí ẹ bá sì lè ṣe é, ẹ fi díẹ̀ nínú ọjọ́ yín sí àwọn ilẹ̀ àbójútó tó yí Mara ká, irú Mara North, Naboisho àti Olare Motorogi. Ilẹ̀ àwọn ìdílé Maasai ni, wọ́n ń gba owó ilẹ̀ lórí rẹ̀, iye jíìpù níbẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ sì lè jáde lálẹ́, èyí tí wọn ò gbà nínú ọgbà Maasai Mara fúnra rẹ̀. Ẹ bẹ awakọ̀ yín pé kó má sún mọ́ ẹran. Ọ̀pọ̀ wọn ń rò pé inú àlejò ò ní dùn tí àwọn ò bá sún mọ́ ọn, ẹ̀rù owó ọwọ́ tí ẹ máa fún wọn ló sì ń bà wọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa rí i pé ara máa tù ú.

Dókítà_Ẹranko

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Bíọ́lá, ẹ lè ti rí fídíò kan tó tàn káyé ní oṣù keje ọdún 2025, níbi tí àwọn àlejò ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́bàá odò Mara ní àríwá Serengeti, tí wọ́n fi ara wọn dí ọ̀nà tí àwọn wildebeest fẹ́ gbà. Nítorí fọ́tò ni. Àwọn ẹran yẹn ń lọ síbi tí òjò ti rọ̀ tí koríko wà, ọ̀nì wà nínú omi, àwa èèyàn náà tún dúró sí bèbè. Bí wọ́n bá yí padà níbi tó rọrùn, ibi tó ga tó sì léwu ni wọ́n lè lọ gbà. Ẹ má sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí jíìpù fà sẹ́yìn títí àwọn àkọ́kọ́ á fi wọ omi.

Adérónkẹ́_Olùkọ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, tọkàntọkàn. Mo ti ka ti dókítà sétí ọkọ mi, wọ́n ní drone ò lọ mọ́. 100-400 ni mo máa yá, kì í ṣe rírà. A sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí a ṣe lè gba jíìpù tiwa.

Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe to kámẹ́rà mi sílẹ̀ fún odò yẹn? Kí la ń ṣe lọ́sàn-án gangan? Eruku ńkọ́? Mo rò pé kí n máa fi ọ̀rá wé kámẹ́rà.

Ọdẹ_Aláwòrán

Àǹtí, ẹ gbọ́. Kókó kan kọ́kọ́ wà: odò kì í ní aago. Agbo lè kóra jọ sí bèbè láàárọ̀, kí wọ́n wo omi títí di ọ̀sán, kí wọ́n sì yí padà lọ jẹko. Mílíọ̀nù kan lé ni wildebeest tó ń rìn yípo Serengeti àti Mara, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n sì ti ń sọdá, láti bí oṣù keje títí dé oṣù kẹwàá. Àwọn kan náà lè sọdá lọ, kí wọ́n tún sọdá padà. Ibi tí ẹ ń lọ ní àríwá Serengeti wà létí odò kan náà, nítorí náà ẹ má fi gbogbo ọkàn yín sí ẹ̀gbẹ́ Kẹ́ńyà nìkan.

Fún fọ́tò: ẹ fi ọwọ́ yín yan shutter àti aperture (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà yan ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára gba ìmọ́lẹ̀ tó). 1/1600 fún ẹran tó ń bẹ́, 1/2500 bí ẹ bá fẹ́ kí ìkán omi dúró lófuurufú. Aperture 5.6 sí 8. Láfẹ̀mọ́júmọ́ ISO lè gòkè dé 3200 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Fọ́tò tó ní hóró wẹ́wẹ́ díẹ̀ bí ìyẹ̀fun sàn ju èyí tó ṣe bàìbàì lọ. Awọ wildebeest dúdú, eruku àti omi ń tàn, kámẹ́rà lè dàrú. Ẹ máa wo ibi tó mọ́lẹ̀ jù, bó bá ti funfun láìní nǹkan kan nínú, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀. Ẹ yan ẹran kan ṣoṣo nínú agbo, ẹ tẹ̀ lé e láti bèbè wọ omi títí dé òdìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ ya gbogbo wọn kì í rí ẹyọ kan yà.

Tí ẹ bá ti ní èyí tó mú ṣáṣá, ẹ dán ìdàkejì rẹ̀ wò. Ẹ sọ shutter di 1/30, kí ẹ máa yí kámẹ́rà bá ẹran tó ń sáré lọ. Orí rẹ̀ á mọ́, ẹsẹ̀ àti koríko á ṣàn. Èyí tó pọ̀ máa bàjẹ́, ọ̀kan á bọ́ sí i. Greg du Toit, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, fi shutter tó lọ́ra ya erin létí omi ní Northern Tuli ní Bòtswánà, láti inú àgọ́ tí wọ́n gbẹ́ wọlẹ̀ débi pé ojú rẹ̀ wà ní ìpele ẹsẹ̀ erin. Fọ́tò yẹn ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Wildlife Photographer of the Year ti 2013. Ẹ wo nǹkan méjì níbẹ̀: shutter tó lọ́ra, àti ojú tó wálẹ̀. Jíìpù ga ju ẹran lọ, bí ẹ bá ń ya kìnnìún láti orí òrùlé, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ ń yà. Ẹ bọ́ sí ìjókòó, ẹ yà á láti fèrèsé. Bó bá jìnnà díẹ̀, ó tún dáa sí i, torí lẹ́ǹsì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú sí i.

Ọ̀sán gangan: ooru máa ń gòkè láti ilẹ̀, ohun tó bá jìnnà á máa yọ́ bí omi nínú lẹ́ǹsì. Kò sí lẹ́ǹsì olówó iyebíye tó ń wo ìyẹn sàn. Ẹ ya ohun tó wà nítòsí, tàbí kí ẹ wá odò erinmi jókòó tì. Nílẹ̀ tó wà nítòsí ìlà àárín ayé bí ibẹ̀, oòrùn kì í pẹ́ wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ wúrà tí ẹ ń wá ò ní pẹ́ rárá, nítorí náà ẹ ti gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹran yín kó tó dé.

Olùfẹ́_Kruger

Ẹ jọ̀ọ́ kí n sọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń ka èyí tí apá wọn ò ká owó Mara. Ní ọgbà ẹranko Kruger ní Gúúsù Áfíríkà, ẹ lè wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fúnra yín. Ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 kìlómítà níbùú lóròó. Lórí títì ọ̀dà, ìyára kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin, 40 lórí ilẹ̀ eruku, àmọ́ ẹni tó ń wá fọ́tò ò gbọ́dọ̀ sáré tó ìyẹn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ àyàfi níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Àǹfààní rẹ̀ fún aláwòrán ni pé ọkọ̀ kékeré ò ga, fèrèsé yín fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìpele ojú kìnnìún, kò sì sí ẹni tó máa ní kí ẹ jẹ́ ká lọ. Nítòsí Skukuza, ibùdó kan nínú ọgbà náà, àgọ́ onígi kan wà létí omi tí wọ́n ń pè ní Lake Panic. Ẹ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀nì, erinmi, àwọn ẹyẹ apẹja, gbogbo wọn á wá bá yín.

Àdùnní_Onífídíò

Àǹtí, lórí ọ̀rá: ẹ má gbé e o. Kẹ́ńyà ti fòfin de báàgì ọ̀rá láti 2017, Tànsáníà ní 2019, wọ́n sì lè ní kí ẹ kó o sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Aṣọ ìrọ̀rí ló dáa jù. Ẹ ki kámẹ́rà bọ inú rẹ̀ lórí itan yín, ẹ ó fà á yọ kíá. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú eruku; bí ọkọ yín bá ní kámẹ́rà kankan, kí tiwọn gbé 24-105, kí tiyín gbé 100-400, kí ó má kúrò níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kan àti ohun tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku tó.

Bátìrì mẹ́ta, torí fídíò ń jẹ ẹ́ gan-an. Lálaalẹ́, kí ẹ da ohun tó wà nínú káàdì sí ibi méjì, kí méjèèjì má sì wà nínú báàgì kan.

Ohun tó kù: àwọn ará Maasai tí ẹ máa rí lọ́nà kì í ṣe ara ẹranko tí ẹ wá wò. Ẹ kí wọn, ẹ béèrè, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Tí ẹ bá sì fẹ́ ta fídíò yín tàbí fi polówó nǹkan, ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ lẹ máa gbà. Tí kíláàsì nìkan ni, kí ẹ ṣì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń mú yín lọ, kí ẹ má bàa gbé kámẹ́rà tó dà bíi ti oníṣẹ́ fíìmù dé ẹnubodè kí wọ́n wá dá yín dúró.

Adérónkẹ́_Olùkọ́

Ó ti yé mi. Fídíò láàárọ̀, fọ́tò ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí a bá wà létí odò, kámẹ́rà mi á ya fídíò, ọkọ mi á fi fóònù ya àwòrán gbogboogbò. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n ra máíkì, àbí ti inú kámẹ́rà tó?

Àdùnní_Onífídíò

Ẹ ra èyí tó kéré tó ń dúró lórí kámẹ́rà, kí ẹ sì rí i pé ó ní irun tó ń dí afẹ́fẹ́, torí pápá gbalasa ni, afẹ́fẹ́ ò sinmi níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí tó bá fídíò wá, ẹ gba ohùn nìkan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì níbi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dé: létí odò, nínú ibùdó kí ilẹ̀ tó mọ́, lábẹ́ igi lọ́sàn-án. Kí gbogbo ará inú jíìpù dákẹ́, kí ẹ sọ orúkọ ibẹ̀ àti aago sínú máíkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa nílò wọn nígbà tí ẹ bá ń to fídíò pọ̀.